Abẹ́rẹ́ omi sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn nígbà ìrọbí, ṣé ẹnì kan ti gbà á rí?

Oyún_Kejì:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọjọ́ mẹ́ta. Oyún mi ti wọ ọ̀sẹ̀ 34, ìkejì rèé. Nígbà tí mo bí àkọ́kọ́, kì í ṣe inú ló fìyà jẹ mí, ẹ̀yìn ni. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn pátápátá, lókè ìdí níbẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń la egungun ibẹ̀ sí méjì. Mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti bímọ pé tí ìrọbí bá dé á mú wọn, á tún fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n mí sókè mí sílẹ̀ kó tó padà dé, tèmi ò rí bẹ́ẹ̀ o, inú á ti dẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ò ní dẹ̀. Mò ń pariwo ẹ̀yìn mi o, ẹ̀yìn mi o, wọ́n ní bí ọmọ bíbí ṣe rí nìyẹn, kí n fara dà á. Mo fara dà á náà, kí ni mo fẹ́ ṣe? Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí báyìí, mi ò lè parọ́ fún yín, nígbà míì mo máa ń jí lóru tí màá kàn máa ronú nípa ẹ̀yìn yẹn.

Ìgbà tí mo wá lọ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí mo bá nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan tí mi ò rí rí, mo ṣàlàyé fún un, ó fetí sílẹ̀ dáadáa, kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń gún síbi tó ń dunni yẹn gan-an, pé kò sí oògùn kankan nínú ẹ̀, omi ni. Mo ní omi kẹ̀? Ó ní omi o, omi tí wọ́n ti pa kòkòrò inú ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń po oògùn abẹ́rẹ́. Ó ní ó máa ń ta èèyàn burúkú burúkú fúngbà díẹ̀, tó bá ti lọ tán ẹ̀yìn á fúyẹ́. Ibi tá a bọ́rọ̀ dé nìyẹn tí wọ́n pe ẹlòmíì, mi ò ráyè bi í mọ́.

Ṣé ẹnì kan níbí ti gbà á rí? Báwo lomi ṣe fẹ́ gba ìrora? Ṣé kò ní kan ọmọ inú? Àti títa tó ń sọ yẹn, báwo ló ṣe tó? Ọkọ mi ní tó bá jẹ́ pé omi ni, a jẹ́ pé ọkàn èèyàn ni wọ́n kàn ń tàn jẹ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn.

Abiyamọ_Mẹ́ta:

Mo gbà á rí, nígbà tí mo fẹ́ bí ọmọ mi kẹta, torí náà ohun tójú mi rí ni màá sọ.

Ẹnu ilé ọmọ ti ṣí dé sẹ̀ntímítà 5, ẹ̀yìn ti gba gbogbo ara mi kan, mi ò lè jókòó, mi ò lè dùbúlẹ̀, mo kàn dorí kọ bẹ́ẹ̀dì mo ń mì síwá mì sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì méjì ló wá. Wọ́n ní kí n tẹ̀ síwájú, wọ́n fọwọ́ wá ibì kan lẹ́yìn mi, wọ́n fi báírò sàmì síbi mẹ́rin, wọ́n fi nǹkan nu ibẹ̀. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé àwọn ò ní gún un báyìí, tí ìrọbí tó kàn bá ti ń gbéra kí n sọ, ìgbà yẹn làwọn máa gún un, ẹnì kan lápá ọ̀tún ẹnì kan lápá òsì, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ó ti ń bọ̀ o. Wọ́n gún un.

Àbúrò, ó ta mí. Mi ò ní tàn ẹ́. Ṣé agbọ́n ti ta ẹ́ rí? Kí agbọ́n mẹ́rin wá ta ẹ́ pa pọ̀ lójú kan ṣoṣo. Mo ké, ọwọ́ ìyá mi tí mo dì mú wú fún mi dọjọ́ kejì. Ọ̀kan nínú wọn wá ń ka ení, èjì, ẹ̀ta sí mi létí, ó ní kí n máa bá òun kà, tá a bá fi máa ka 30 ó máa rọlẹ̀, lóòótọ́ nígbà tá a débi bíi 25 mo rí i pé títa yẹn ti ń lọ. Ìrọbí tó tẹ̀ lé e dé, mo mú ara mi le, mò ń dúró de ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ò wá. Inú ṣì ń mú mi o, gidi gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn dákẹ́, mo yíjú wò wọ́n, ẹkún bọ́ lójú mi torí ó ti pẹ́ tí ara ti tù mí kẹ́yìn.

Ó lò tó wákàtí kan ààbọ̀ kó tó máa padà díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un gún. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ bó ṣe ta mí, èmi náà ni mo ní kí wọ́n tún un gún. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mo fi bímọ.

Agbẹ̀bí_ni_mí:

Oyún_Kejì, ẹ kú ewu oyún o. Kí n tó sọ nǹkan míì, ó dùn mí pé wọ́n ní kẹ́ ẹ fara dà á. Ẹ̀yìn tó ń ro nígbà ìrọbí kì í ṣe àkẹ́jù. Nínú obìnrin mẹ́ta tó ń rọbí bí ẹnì kan ló máa ń rí i tó le gan-an, àwọn míì sì wà bíi tiyín tí kì í fi wọ́n sílẹ̀ láàárín ìrọbí kan sí èkejì. Ìyẹn ló ń mú kó rẹ èèyàn ju ti inú lọ, torí kò sáyè ìsinmi.

Nígbà míì bí ọmọ ṣe wà ló ń fà á. Orí ọmọ á wà nísàlẹ̀ bó ṣe yẹ, àmọ́ dípò kó kọjú sí ẹ̀yìn ìyá ẹ̀, ó kọjú síwájú, kókó orí ẹ̀ tó le wá ń tẹ egungun ìdí ìyá. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ṣá o, mo ti rí ẹni tí ọmọ ẹ̀ kọjú síbi tó dáa tí ẹ̀yìn ṣì ń pa á. Iṣan tó ń gbé ìrora ilé ọmọ lọ sọ́pọlọ ń gba ojú kan náà wọ ọ̀pá ẹ̀yìn pẹ̀lú èyí tó wá láti awọ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ni ọpọlọ bá ń gbọ́ ọ bíi pé ẹ̀yìn ló ń ké.

Ibi tí abẹ́rẹ́ yìí ti rọ́wọ́ mú nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀yìn obìnrin, kòtò kékeré méjì máa ń wà lókè ìdí, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì. Ibẹ̀ la máa ń gún méjì sí, a ó wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ a ó sún sáàárín díẹ̀ ká tó gún méjì yòókù. Omi ọ̀hún kò tó nǹkan rárá, tó bá jẹ́ ojú awọ la gún un sí, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlílítà ni níbì kọ̀ọ̀kan, ó máa ń wú róńdó bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Tó bá jẹ́ abẹ́ awọ, ìdajì mìlílítà ni. Àwọn kan máa ń gún ẹyọ kan péré, títa tiẹ̀ kéré lóòótọ́, àmọ́ mẹ́rin ló ń gba ìrora jù.

Kí ló dé tó jẹ́ omi? Torí omi yẹn ò ní iyọ̀. Gbogbo omi tó wà nínú ara wa ló ní iyọ̀ díẹ̀, tí èyí tí kò níyọ̀ bá wá dé àárín wọn, ara ibẹ̀ á wú, á máa bínú, iṣan ibẹ̀ á ké. Òun ló ń ta yín yẹn. Nígbà tí igbe tuntun yìí bá wọ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó máa ń dí ọ̀nà mọ́ igbe àtijọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, Ronald Melzack àti Patrick Wall, ló sọ̀rọ̀ nípa ẹnu ọ̀nà yìí lọ́dún 1965, pé géètì kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tó lè tì mọ́ ìrora kan tí nǹkan míì bá ń gbabẹ̀ kọjá. Ṣé tí ẹ bá forí gbá nǹkan ẹ kì í yára fọwọ́ ra á? Ó jọ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn ara fúnra ẹ̀ máa ń tú nǹkan tó ń pa ìrora jáde, ẹ́ńdọ́fíìnì, nígbà tí nǹkan bá ta á lójijì.

Ti ọkọ yín wàyí, ìbéèrè gidi ló bi, ẹ má bá a jà. Àwọn olùwádìí bi í bẹ́ẹ̀ náà. Ní Ọsirélíà àti Ìlú Ọba wọ́n mú obìnrin 1,866 tí ẹ̀yìn ń dùn nígbà ìrọbí, wọ́n gún omi yìí fún àwọn kan, wọ́n gún omi oníyọ̀ fáwọn yòókù, abẹ́rẹ́ ni méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n gún un sí, ìyá ò mọ èyí tó gbà. Ọdún 2020 ni àbájáde ẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, nínú ọgọ́rùn-ún tó gba omi, bíi 43 ni ìrora wọn fi ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín kù. Lára àwọn tó gba omi oníyọ̀, bíi 18 ni. Tó bá jẹ́ ọkàn nìkan ni wọ́n ń tàn, méjèèjì ì bá dọ́gba. Àmọ́ ẹ wo òdì kejì ẹ̀ náà, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ṣiṣẹ́ fún. Kò sì dín iye àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kù, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe ìwádìí yẹn gan-an nìyẹn. Tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé tẹ́ ẹ bá ti gbà á ẹ ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ má gbà.

Ọmọ ńkọ́? Omi ni, kò sí oògùn tó máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá a. Ojú yín ò ní ṣú, ẹsẹ̀ yín ò ní kú, ẹ lè rìn, ẹ lè wọ ibi ìwẹ̀. Ní Swídìn àwọn agbẹ̀bí ti ń lò ó ọjọ́ ti pẹ́, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún 2023 sì ní kí wọ́n máa rò ó wò fún obìnrin tó ń rọbí tí ẹ̀yìn bá ń dùn.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nílé. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í ṣe omi tẹ́ ẹ sè fúnra yín, kì í sì í ṣe inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gún un sí. Tí egbò tàbí eéwo bá wà lójú ibẹ̀ a kì í gún un.

Ẹ̀rín_Ayọ̀:

Inú mi dùn sáwọn tó ṣiṣẹ́ fún, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ fún mi, ó sì yẹ kẹ́nì kan sọ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé abẹ́rẹ́ kan báyìí wà tó máa gba ìrora mi. Ìrora mi. Wọn ò sọ pé ti ẹ̀yìn nìkan ni. Wọn ò sọ pé ó máa ta mí, mo kàn rí i tí iná sọ lẹ́yìn mi, mo rò pé nǹkan ti bà jẹ́, mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn tó rọlẹ̀ ẹ̀yìn mi rọ díẹ̀ lóòótọ́, bóyá fún ìṣẹ́jú 20, ṣùgbọ́n inú mi ló ń pa mí jù látilẹ̀, ìyẹn ò sì yí padà. Mo bínú fún ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo wá ka ohun tí ẹ̀gbọ́n agbẹ̀bí kọ sókè yìí ló tó yé mi pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ yẹn ló jẹ̀bi, àìṣàlàyé ni. Tí wọ́n bá ti bi mí pé ibo gan-an ló ń dùn ẹ́ jù, wọn ò bá má gún un fún mi rárá.

Ẹpidúrà, ìyẹn abẹ́rẹ́ oògùn ìrora tí wọ́n ń gún sí àárín ẹ̀yìn, ni mo padà gbà, pé mo ti gba omi yẹn tẹ́lẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Torí náà tí kò bá ṣiṣẹ́ fún yín ọ̀nà ò tíì dí.

Bàbá_Àkọ́bí:

Ọkùnrin ni mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fàyè gbà mí. Ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé iṣẹ́ wà fún un. Ìgbà tí ìyàwó mi ń rọbí ẹ̀yìn ló ń kígbe, mo dúró bí igi torí mi ò mọ ohun tí màá ṣe, nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ mi. Ó ní kí n di ẹ̀ṣẹ́, kí n gbé e lé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ lójú ibi tó bá fọwọ́ sí, tí ìrọbí bá ti dé kí n fi gbogbo agbára tì í, kí n má fọwọ́ pa á lẹ́lẹ́, kí n TÌ Í. Ó ní ibẹ̀ yẹn, má kúrò níbẹ̀. Apá mi ro mí fún ọjọ́ méjì àmọ́ mo rí i pé ó ń ran án lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n wá gún abẹ́rẹ́ omi yìí fún un èmi ni mo bá a kà á, mo di orí ẹ̀ mú sáyà mi. Ọkùnrin tó bá mọ̀ ṣáájú pé ó máa ta á, àti pé kì í pẹ́ lọ, kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í bá nọ́ọ̀sì jà pé kí lẹ ṣe fún ìyàwó mi, bí èmi ṣe fẹ́ ṣe nìyẹn.

Oyún_Kejì:

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sunkún díẹ̀ nígbà tí mo dé ibi tí ẹ̀gbọ́n agbẹ̀bí ti ní kì í ṣe àkẹ́jù. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí.

Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ó ku díẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ yẹn tí mo débẹ̀ tí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń gún un ńkọ́? Ìgbà wo ló yẹ kí n béèrè, ṣé kí n dúró dìgbà tí mi ò bá lè mú un mọ́ra mọ́? Ẹ̀yìn yìí sì ti ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀ báyìí o, pàápàá lálẹ́.

Agbẹ̀bí_ni_mí:

Èyí tẹ́ ẹ fi parí yẹn ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ̀yìn tó ń ro aboyún tí oyún ti tóbi kì í ṣe ohun tuntun, ìwúwo oyún ni, oríkèé ìdí náà ti ń dẹ̀. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ 34 lẹ wà. Tó bá di pé ó ń wá ó ń lọ, bíi pé ó ní àkókò tó ń dé, tàbí inú ń le kó tó dẹ̀, tàbí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ lójú ara, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, torí ìrọbí tó bá dé ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37 ti yá jù. Tó bá jẹ́ pé ara ń gbóná pẹ̀lú ẹ̀ tàbí ìtọ̀ ń ta yín, ó lè jẹ́ kíndìnrín, ìyẹn náà ò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Abẹ́rẹ́ omi kọ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú ìyẹn.

Ti kí nọ́ọ̀sì má mọ̀ ọ́n, ó lè ṣẹlẹ̀, mi ò ní purọ́, ibi púpọ̀ ni wọn ò ti í ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ béèrè báyìí. Nígbà tẹ́ ẹ bá padà lọ fún àyẹ̀wò ẹ wá nọ́ọ̀sì yẹn rí, ẹ bi í pé àwọn mélòó ló mọ̀ ọ́n gún níbẹ̀, ṣé ó máa ń wà lóru náà, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú káàdì yín pé ẹ̀yìn ló yọ yín lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́ àti pé ẹ fẹ́ ẹ.

Ẹ má dúró dìgbà tí kò bá ṣe é mú mọ́ra mọ́. Tí ìrọbí bá ti múlẹ̀ tí ẹ̀yìn sì ti ń gba iwájú, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ má kàn sọ pé ó ń dùn mí, ẹ fọwọ́ sí ojú ibẹ̀ kí wọ́n rí i. Ó lè fúyẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹlòmíì ó tó 30, ó sì lè lò tó wákàtí kan sí méjì tàbí kó lé díẹ̀, tó bá ti ń padà wọ́n lè tún un gún. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹlẹ̀ bí ọmọ tó ń rákò, kí ikùn yín sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn máa ń gbé ìwúwo ọmọ kúrò lórí egungun ìdí. Aṣọ tí wọ́n ri bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ náà dáa lójú ibẹ̀. Àti ẹ̀ṣẹ́ ọkọ yín, bí bàbá yẹn ṣe wí, ó ṣàlàyé ẹ̀ ju bí èmi ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ lọ.

Oyún_Kejì:

Ẹ̀yìn ń wà báyìí ṣá ni, kì í wá kì í lọ, kò sí omi kò sí ẹ̀jẹ̀. Mo máa ṣọ́ ọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń padà lọ, mo ti kọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀yìn káàdì mi kí n má bàa gbàgbé. Mo fi ibi tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ omi oníyọ̀ han ọkọ mi, ó kà á, ó dákẹ́, ó ní òun gbà. Ó wá ní kí n yíjú sí ògiri kí n fi ojú ibẹ̀ han òun, kóun mọ ibi tóun máa di ẹ̀ṣẹ́ lé.